Mo mọ ohun tó ń ṣe mí, kí ló dé tí mo tún ń ṣe é?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ìbáṣepọ̀ mẹ́ta ni mo ti wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà parí. Èmi ni mo máa ń tọ́jú ẹni náà, èmi ni mo máa ń fara da gbogbo nǹkan, n kì í béèrè ohunkóhun. Inú á máa bí mi, n kò ní sọ. Tó bá yá, màá kó ẹrù mi lọ́jọ́ kan, màá lọ, ẹni náà á wá máa béèrè pé kí ni òun ṣe. Mo ti kàwé lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsàn ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré wà lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ rí oníṣègùn ọkàn tó ń lo ọ̀nà psychoanalysis, pé wọ́n máa ń bá èèyàn wá ohun tí kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ tèmi. Kí ni ọ̀rọ̀ sísọ tún fẹ́ ṣe sí i? Ṣé kì í sì í ṣe pé wọ́n á kàn ní kí n máa dá ìyá mi lẹ́bi?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sì kú ìfaradà. N ó kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí kí n tó máa ṣàlàyé. Ohun tí ẹ mọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ́ ló ti ń darí yín. Ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀. Ìṣe rẹ̀ ni ọwọ́ yín kò tíì bà. Ìtọ́jú tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ, tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, kì í wá sọ ìtàn náà fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Ó máa ń dúró de ìgbà tí ìṣe náà bá yọjú láàárín ẹ̀yin àti oníṣègùn, nínú yàrá, lójú ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ lè jọ mú un níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Sigmund Freud, dókítà ará Vienna tó dá psychoanalysis sílẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1910 láti fi tọ́ àwọn dókítà tó gbà pé bí wọ́n bá ti sọ ohun tó wà lábẹ́ ọkàn aláìsàn fún un, ara rẹ̀ á yá. Ó ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò lágbára lórí àìsàn náà ju bí ẹni ń pín ìwé tí wọ́n to orúkọ oúnjẹ sí fún àwọn tí ebi ń pa nígbà ìyàn. Ẹ̀yin náà ti ka ìwé náà tán, ebi ṣì ń pa yín. Kì í ṣe pé ẹ kò gbọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ yí padà.

Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé nǹkan wà lábẹ́ ọkàn wa tí a kò mọ̀, wọ́n máa ń rò pé àṣírí ni, ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú kan tí a gbàgbé, tí oníṣègùn á hú jáde lọ́jọ́ kan, tí gbogbo rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nínú fíìmù nìyẹn. Lóòótọ́, àwọn nǹkan kan wà tí a tì sẹ́yìn nítorí pé wọ́n dun wá jù. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń darí wa kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ rárá. Òfin ni, òfin tí ọmọdé kọ́ nípa bí a ṣe ń wà pẹ̀lú èèyàn, kó tó ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ròyìn rẹ̀. John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ṣàlàyé èyí: láti kékeré ni ọmọ ti ń fi ìwà àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe àwòrán sínú ọkàn, pé báyìí ni èèyàn ṣe máa ń ṣe tí mo bá sunkún, báyìí ni wọ́n máa ń ṣe tí mo bá bínú. Àwòrán yẹn ló máa fi ń retí gbogbo ẹni tó bá pàdé lẹ́yìn ọ̀la.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé "má béèrè nǹkan." Ó rí i lójú ìyá rẹ̀. Ó béèrè fún nǹkan, ó rí bí ìyá ṣe gbìyànjú láti dìde tí kò sì lè dìde. Ó sunkún, ó rí bí ojú ìyá ṣe rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, tó mú omi wá, tó ní "mo wà dáadáa," ó rí ẹ̀rín. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni ọmọ yẹn ṣe. Ó fi ohun tó fẹ́ pamọ́, kó lè pa ìyá rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí irú òfin báyìí fi máa ń le bí òkúta: ìgbà kan wà tó ṣiṣẹ́ gan-an, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló wà.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ìpinnu yẹn kò tún yọjú bí ìpinnu mọ́. Freud kọ ọ́ ní 1914 pé aláìsàn kì í rántí ohun tó gbàgbé. Ṣe ló máa ń ṣe é, á máa tún un ṣe, kò sì ní mọ̀ pé ohun àtijọ́ ni òun ń tún ṣe. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, kì í ṣe ìrántí ìyá yín ló máa wá sí yín lọ́kàn. Àyà yín ló máa kọ́kọ́ já, fẹ̀rẹ̀ kan báyìí, kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu, ẹ ó sì ti bá ara yín níbi tí ẹ ti ń bi í pé kí ni kí ẹ bá a ṣe. Gbogbo rẹ̀ lè má tó ìṣẹ́jú kan. Ìwé kíkà kì í tètè bá ibẹ̀.

Anna Freud, ọmọbìnrin Freud, kọ ìwé kan tó jáde ní 1936 lórí àwọn ọ̀nà tí ọkàn máa ń gbà dáàbò bo ara rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ìwé náà tó máa ń bá àwọn ẹlòmíràn tọ́mọ. Nígbà tó wà ní kékeré, aṣọ tó rẹwà àti ọmọ púpọ̀ ni ó ń fẹ́. Nígbà tó dàgbà, kò lọ́kọ, kò bímọ, aṣọ rẹ̀ kò jọ ẹni tó ń náání aṣọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jà fún aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ bíi tirẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò kú. Ó kó o lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì ń jẹun láti ibẹ̀. Mo mẹ́nu ba obìnrin yìí nítorí pé mo rò pé ẹ ó dá nǹkan kan mọ̀ níbẹ̀. Ìtọ́jú tí ẹ máa ń fún àwọn tí ẹ bá wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ẹ̀yin gan-an ń fẹ́ gbà ni.

Oníṣègùn kì í fi àfọ̀ṣẹ mọ irú àpẹẹrẹ báyìí. Ó ń gbọ́ ọ nínú ìtàn kéékèèké tí ẹ bá ń sọ nípa àwọn èèyàn: ọ̀gá níbi iṣẹ́, àbúrò, ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Lester Luborsky, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà kan hàn tó rọrùn láti lò. Nínú gbogbo irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ wo nǹkan mẹ́ta: kí ni ẹni náà fẹ́, kí ni èkejì ṣe sí i tàbí kí ló retí pé á ṣe, kí sì ni òun fúnra rẹ̀ wá ṣe. Tí a bá fi wo lẹ́tà yín, ẹ fẹ́ kí ẹnìkan tọ́jú yín. Ẹ retí pé á di ẹrù fún un. Ẹ dákẹ́, ẹ sìn ín, ẹ bínú, ẹ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lẹ́tà yín kà. Kò sí ibi tí ẹ ti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kọ̀ fún yín. Ohun tí ẹ sọ ni pé ẹ kò béèrè. Apá kejì yẹn, ìyẹn ohun tí ẹ retí, kò sí ẹni tó tíì dán an wò. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ẹ ti ń ṣègbọràn sí èsì kan tí ìyá tó wà lórí àìsàn fún ọmọ kékeré, ẹ sì ti fi èsì náà sẹ́nu èèyàn mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èyí ni mo gbà pé ẹ kò tíì mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ ìtàn ìyá yín.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú yàrá náà wàyí. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa wo ara yín. Ti orí àga gbọọrọ tí èèyàn ń sùn lé, tó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ ti psychoanalysis gan-an, kì í ṣe dandan fún irú ìtọ́jú tí à ń sọ yìí, tó kàn ń lo ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ sọ ohunkóhun tó bá wá sí yín lọ́kàn, kódà tí kò bá nítumọ̀, kódà tó bá tì yín lójú. Oníṣègùn kò ní máa gbà yín nímọ̀ràn, kò sì ní máa sọ ìtàn ara rẹ̀ fún yín. Èyí máa ń bí àwọn èèyàn nínú níbẹ̀rẹ̀, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ó nídìí. Tí oníṣègùn bá ń tètè fi ara rẹ̀ hàn, tó ń yìn yín, tó ń tù yín nínú ní gbogbo ìgbà, ẹ kò ní lè rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín gbé wọlé wá.

Ẹ ó sì gbé e wọlé. Kò sí ẹni tí kì í gbé e wọlé. Bí ẹ ṣe máa ń retí gbogbo ayé náà lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í retí oníṣègùn yín. Èyí ni wọ́n ń pè ní transference. Freud kọ́ ọ lára ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 18 kan tó fún ní orúkọ àpèjẹ́ Dora. Ọmọbìnrin náà pa ìtọ́jú tì lójijì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1900, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré. Nínú ìwé tó kọ nípa rẹ̀, tó jáde ní 1905, Freud jẹ́wọ́ pé òun kò tètè rí i pé ohun tí Dora fẹ́ ṣe sí ọkùnrin mìíràn tó ṣẹ̀ ẹ́ ló wá ṣe sí òun. Ó lọ, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ nípa lílọ náà kó tó lọ.

N ó ṣe àpẹẹrẹ kan fún yín. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo kó o jọ láti ara ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìtọ́jú yìí ni. Ó máa ń dé ṣáájú àkókò. Kó tó jókòó, á ti béèrè bóyá oníṣègùn rẹ̀ sùn dáadáa. Tó bá sunkún, kíá ni á nu ojú rẹ̀, á sì tọrọ àforíjì pé òun ń fi àkókò ṣòfò. Oṣù mélòó kan kọjá báyìí. Lọ́jọ́ kan, oníṣègùn sọ fún un pé òun máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ó mà dáa o, ó yẹ kí ẹ sinmi." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé ó jọ pé ara òun ti yá, pé bóyá kí àwọn parí rẹ̀ síbẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn lásán lè kí i kú oríire. Oníṣègùn yìí ní: "Mo kíyè sí i pé láti ìgbà tí mo ti sọ pé mò ń lọ ni. Ẹ ní kí n lọ sinmi, ẹ kò sì wá mọ́. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó nira láti sọ fún mi?" Obìnrin náà ní rárá. Ó wo ilẹ̀. Ó fa okùn báàgì rẹ̀, ó tú u, ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an: "Ta ni mí tí màá fi ní kí ẹ má lọ?"

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìtàn àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Òfin náà wà láàyè nínú yàrá, lórí ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀, lórí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ìbínú wá jáde, pé "ẹ kò tiẹ̀ bi mí bóyá mo lè dúró." Oníṣègùn kò sáré bẹ̀bẹ̀, kò gbèjà ara rẹ̀, kò sì fagi lé ìsinmi rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó lọ, ó sì padà lọ́jọ́ tó dá. Donald Winnicott, dókítà àwọn ọmọdé tó tún jẹ́ onímọ̀ psychoanalysis, tẹnu mọ́ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: èèyàn ní láti bínú sí ẹlòmíràn, kó sì rí i pé ẹni náà kò wó, kò gbẹ̀san, kí ó tó lè gbà pé ẹlòmíràn náà wà lóòótọ́, tó ní agbára tirẹ̀. Ìyá tó wà lórí àìsàn kò lè fún ọmọ ní ìrírí yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò rí i gbà, ìwé kò sì lè fún yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tí wọn kì í ṣe oníṣègùn kì í sábà mọ̀. Oníṣègùn ń kíyè sí ohun tó ń ṣe òun náà. Ní 1950, Paula Heimann, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ psychoanalysis, kọ ọ́ pé ohun tí oníṣègùn ń rò nínú ara rẹ̀ nípa aláìsàn jẹ́ irinṣẹ́ pàtàkì láti fi mọ abẹ́ ọkàn aláìsàn. Pẹ̀lú ẹni bíi tiyín, ó lè rí i pé wákàtí yẹn ló máa ń rọrùn jù fún òun, pé òun kì í ṣàníyàn nípa yín, pé òun ti gbàgbé nǹkan pàtàkì kan tí ẹ sọ. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kò ní fi ìrọ̀rùn yẹn ṣayọ̀. Á bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni yìí ń ṣe tí mi ò fi nílò láti ronú nípa rẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́ta tí ẹ fi sílẹ̀ náà ti gbádùn irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ̀yin ń rù ú.

Kò ní tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà á tún yọjú lórí owó ìtọ́jú, lórí àlá tí ẹ lá, lórí ọjọ́ tí oníṣègùn ṣi ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Ẹ ó rí i lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Tó bá yá, ẹ ó rí i nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá tún yá, ẹ ó gbọ́ bí àyà yín ṣe já, ẹ ó sì lè dúró díẹ̀ kí ẹ tó yan ohun tí ẹ máa ṣe. Ìdí tó fi ń gba oṣù púpọ̀, tó sì máa ń kọjá ọdún kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nìyẹn.

Ní ti ìyá yín: rárá, kò sí ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá. Wọ́n á fún yín láyè láti sọ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àti pé inú bí yín sí i, láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹ má bínú tí mo bá sọ èyí: àníyàn yín pé wọ́n máa dá a lẹ́bi lè jẹ́ òfin àtijọ́ náà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ kò tíì wọ yàrá, ẹ ti ń dáàbò bò ó. Àmọ́ ẹ kíyè sára o. Oníṣègùn tó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ó dájú pé wọ́n ṣe nǹkan burúkú kan sí yín tí ẹ kò rántí, tó sì ń tì yín kí ẹ rántí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí kan tí ilé ìwòsàn Tavistock ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe, tó jáde ní 2015, yẹ kí ẹ mọ̀. Èèyàn 129 tí ìsoríkọ́ ti bá jà fún ìgbà pípẹ́, tí ó kéré tán ìtọ́jú méjì kò ràn, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ nìkan, àwọn yòókù gba irú ìtọ́jú tí à ń sọ yìí mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 18. Nígbà tí ìtọ́jú parí, ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló wá hàn kedere: nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ni ìsoríkọ́ wọn kò tó ohun tí dókítà ń pè ní ìsoríkọ́ ńlá mọ́, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 10 lápá kejì. Ìwòsàn pátápátá kò wọ́pọ̀ lápá méjèèjì, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ìsoríkọ́ ni wọ́n wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ bíi tiyín. Ṣùgbọ́n bí àǹfààní náà ṣe ń dàgbà lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí bá ohun tí mo ti ń ṣàlàyé mu.

Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù nǹkan kan pàtó ló ń ṣe yín, bí ibi gíga tàbí ọkọ̀ òfúrufú, mi ò ní rán yín síbẹ̀. Àwọn ìtọ́jú kúkúrú wà tó yára jù. Ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé, ààbò àti dókítà ló kọ́kọ́ nílò.

Tí ẹ bá fẹ́ yan oníṣègùn, ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ ti gba irú ìtọ́jú yìí, àti bóyá ó ní àgbà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá bínú sí wọn, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ di ọ̀rẹ́ yín tàbí olólùfẹ́ yín, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún mi, pé ẹ máa ń dákẹ́, ẹ máa ń bínú, ẹ sì máa ń lọ láìsọ. Ọjọ́ kan máa dé tó máa ṣe yín bíi kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun náà. Ó lè jẹ́ oṣù kẹta, ó lè jẹ́ oṣù kẹsàn-án, ìdí tó mọ́gbọ́n dání yóò sì wà nílẹ̀: owó, iṣẹ́, ara tó ti yá. Tó bá dé, ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jókòó, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ lọ, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ ná.